Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Rọ́bà Oúnjẹ àti Aláìsàn Jẹjẹrẹ

Ẹ yí rédíò sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀hún kò gba ẹnu wọlé.

Ká sọ pé bàbá kan wà ní Ògùdù níbí, tí jẹjẹrẹ mú un lọ́nà ọ̀fun. Àwọn ará àdúgbò lọ kí i ní ọsibítù. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ihò imú rẹ̀, wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n kí i, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jáde. Kí ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ti dé ìta? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. "Háà, wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Ó ti bùṣe."

Ṣé ó ti bùṣe lóòótọ́?

Rárá o. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ lónìí nìyí, a ó sì máa tún un sọ nítorí àwọn tó ń pẹ́ dé: oúnjẹ ni rọ́bà yẹn ń gbé. Ṣíbí ni. Ó kàn gùn ju ṣíbí ilé lọ ni. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ẹnu bá kọ̀, a ó wá ọ̀nà mìíràn. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kọ́sọ́fẹ́, àgbègbè wa ní Èkó níbí? Ẹni tó ń ti Ògùdù lọ Mile 12, bí Ọjọ́ta bá dí pa, ṣé á padà sílé lọ sùn ni? Á wá ibi tí yóò gbà yọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn yìí. Jẹjẹrẹ. Ẹ gbọ́ jíjẹ nínú rẹ̀? Àìsàn tó ń jẹ ènìyàn ni. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní náà rí i bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ máa ń da iṣẹ́ inú ara rú débi pé ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ iṣan ara rẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń jẹun díẹ̀díẹ̀ tó sì ń rù síbẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ rò pé ọbẹ̀ yín ni kò dùn mọ́, ẹ má bínú sí ara yín.

Ìtọ́jú náà tún ní tirẹ̀. Kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, a máa mú kí èébì gbé ènìyàn. Ó lè ta egbò sí ẹnu àti ọ̀fun. Ó lè sọ adùn oúnjẹ di adùn irin. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ rírò láti kékeré á fi kan ẹnu, á ní ṣé irin ni ẹ sè fún òun. Ìtànṣán, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní iná, bí ọrùn tàbí ẹnu ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ, á gbẹ itọ́, á sì bó inú ọ̀fun. Ṣé ẹ rí ẹni tó ń gbé itọ́ lásán mì tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀? Báwo lonítọ̀hún ṣe fẹ́ gbé iyán mì?

Àwa Yorùbá máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àwàdà fún alájẹkì: ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Fún aláìsàn tí à ń sọ yìí, kò sí àwàdà níbẹ̀. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá dí, tí wọn kò sì la òmíràn, ebi lè ṣe é léṣe kí jẹjẹrẹ tó ráyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Rọ́bà oúnjẹ la ń sọ, èyí tí wọ́n ń fi bọ́ aláìsàn jẹjẹrẹ. À ń sọ pé kì í ṣe àmì ikú.

Ẹ jẹ́ kí a dé Ìdí-Àràbà ní Èkó, ká wo ohun tí ebi ń ṣe sí ìtọ́jú. Ní ọgbà LUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Èkó, níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní ọdún 2019, tó ní àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán. Ọ̀pọ̀ ará Kọ́sọ́fẹ́ tó ní irú àìsàn yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń darí wọn sí. Àwọn mìíràn ń lọ sí ọsibítù ńlá UCH ní Ìbàdàn, tó ti ń tọ́jú ènìyàn láti 1957. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọ̀fun lè máa gba ìtànṣán lójoojúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n máa ń mọ ìbòjú kan fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú ike tí ooru ti mú rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àti ọrùn rẹ̀, á gbẹ, á gba ìrísí ojú rẹ̀. Ìbòjú yìí ló ń di orí mú gbọnin, kí ìtànṣán lè bọ́ sí ojú ibi tó yẹ, kó má lọ sun ibòmíràn.

Ó dára. Bí aláìsàn kò bá jẹun ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á jìn. Ọrùn á tín-ín-rín. Ìbòjú tó bá ojú rẹ̀ mu lọ́sẹ̀ kìíní á wá di aṣọ tí télọ̀ gé fún ẹlòmíràn. Orí á máa mì nínú rẹ̀. Àwọn dókítà á ní láti dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á tún un wọ̀n, wọ́n á tún un ṣírò. Ti kímò náà rí bẹ́ẹ̀: bí ara bá ti rẹ̀ jù, wọ́n á ní kó lọ sinmi ná, kó padà wá. Ìsinmi yẹn, jẹjẹrẹ kì í bá ènìyàn sinmi. Ṣé ẹ ti rí i báyìí pé oúnjẹ kì í ṣe àfikún? Ara ìtọ́jú gan-an ni. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan tó ń lọ káàkiri àdúgbò yìí ń bí ni nínú. Wọ́n ní oúnjẹ ló ń bọ́ jẹjẹrẹ, pé kí a fi ebi pa á, kókó náà á kú. Wọ́n á wá fi omi ewé àti àdúrà nìkan dá aláìsàn sí. Ẹ gbọ́ o: kò sí ẹ̀rí pé ebi ń pa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ni ara ni ebi ń pa. Jẹjẹrẹ mọ ibi tí yóò ti jẹun. Bí kò bá rí i lórí tábìlì, á fà á láti inú iṣan itan àti apá. Ẹni tó bá fi ebi pa bàbá rẹ̀ nítorí ìfẹ́, ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò lójú ni.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni rọ́bà tọ́ sí ṣá. Ẹnu la kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le fún ará Kọ́sọ́fẹ́. Àwa tí ọjà ata tó tóbi tó báyìí wà lẹ́nu ọ̀nà wa! Ata rodo, tàtàṣé, ata ṣọ̀ḿbọ̀, tírélà á kó wọn láti òkè Ọya wá já sí Mile 12 lójoojúmọ́. Ẹ wá sọ fún ọmọ Yorùbá kó máa jẹun láìsí ata. Ìyà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n bí egbò bá wà lẹ́nu, ata lọ sinmi. Ọsàn kíkan àti ọ̀pẹ òyìnbó náà á ta á lẹ́nu, bó ti wù kí èyí tí wọ́n rà ní ọjà èso Kétu dùn tó. Ẹ fún un ní ohun tó rọ̀: ẹ̀kọ mímu tí ẹ fi mílíìkì tàbí sóyà lù, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò ní ata, ẹyin, iṣu tí ẹ gún pẹ̀lú bọ́tà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, ó sàn ju àwo ńlá kan tí yóò wò tí inú rẹ̀ á sì rìn. Bí òórùn ọbẹ̀ bá ń lé e, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tutù kí ẹ tó gbé e wá. Bí ṣíbí irin bá ń fún un ní adùn irin, ẹ lo ti ike.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, bí ó bá ń rù lọ, bí omi pàápàá bá ń pá a lórí, ó ti tó àkókò rọ́bà. Kí ẹ má dúró di ìgbà tó bá di egungun. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn. Ìdílé á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ ká tún fún un lọ́sẹ̀ méjì sí i". Ọ̀sẹ̀ méjì á lọ, rọ́bà á wá wọ ara tí kò ní agbára mọ́, aláìsàn á kú, rọ́bà ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni òkìkí burúkú rọ́bà ṣe ń tàn ká. Ẹ rò ó wò: bí ẹ bá ń pe panápaná lẹ́yìn tí òrùlé bá ti wó tán, ṣé ẹ lè sọ pé panápaná ló ń wó ilé?

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi í sí i? Nọ́ọ̀sì á wọn rọ́bà láti ṣóńṣó imú dé etí, láti etí dé ìsàlẹ̀ egungun àyà. Á fi ohun tó ń yọ̀ pa á lára, á tì í gba ihò imú, á ní kí aláìsàn máa gbé e mì bí ẹni ń mu omi. Kò dùn mọ́ni. Ojú á ṣe omi, ọ̀fun á fẹ́ bì í. Ó kàn jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rí i dájú pé inú ikùn ló wà, pé kò ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró: wọ́n á fa omi inú ikùn díẹ̀ jáde, wọ́n á kán an sórí pépà tó ń yí àwọ̀ padà bí omi náà bá kan, tàbí kí wọ́n ya X-ray. Tẹ́lẹ̀ rí, atẹ́gùn ni wọ́n máa ń fín sí i, tí wọ́n á fi etí sí ikùn láti gbọ́ ìró. Ìyẹn kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Bí ó bá máa pẹ́ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, wọ́n lè gbé rọ́bà kúrò nímú, kí wọ́n la ihò kékeré sí ikùn. Aṣọ á bò ó, ojú á mọ́, àlejò kò ní mọ̀. Ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979, dókítà méjì, Michael Gauderer àti Jeffrey Ponsky, wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe èyí láì la gbogbo ikùn. Ọmọ ọwọ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jùyẹn lọ. Ní 1790, John Hunter, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ọkùnrin kan tí kò lè gbé nǹkankan mì mọ́. Hunter mú awọ ẹja kan tó gùn bí ejò, ó fi bo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe láti ara àbùùbùtán, ó kì í bọ ọ̀fun ọkùnrin náà, ó sì ń ti ibẹ̀ da ẹyin tí wọ́n lù pẹ̀lú ṣúgà àti mílíìkì sí ikùn rẹ̀. Ara ọkùnrin náà yá. Rọ́bà lọ sínú rẹ̀, rọ́bà jáde, ó padà sí ẹnu jíjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sẹ́ni tí í bọ́ nínú rẹ̀, ó ti lé ní igba ọdún tí ẹnìkan ti bọ́.

Kí ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá báyìí? Oúnjẹ ni o. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n pò sínú agolo láti òkè òkun, tí owó rẹ̀ ń ba ni lẹ́rù. Ó lè jẹ́ tilé. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù wa mọ bí a ṣe ń fi ògì, sóyà, ẹyin, mílíìkì, edé lílọ̀ àti òróró díẹ̀ pò ó tó fi ṣara lóore. Àwọn ni kí ẹ bi léèrè òdiwọ̀n, nítorí omi ògì lásán kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ wá sẹ́ ẹ bí ẹni tó ń sẹ́ ògì. Èèpo ẹ̀wà kan ṣoṣo lè dí rọ́bà pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ènìyàn yín nílé, ẹ súnmọ́ rédíò. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ gbé aláìsàn jókòó, tàbí kí ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí àti àyà rẹ̀ sókè dáadáa. Ẹ má bọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja láéláé. Oúnjẹ lè padà gòkè, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìjókòó fún nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ da omi mímọ́ sí rọ́bà ṣáájú, ẹ da á sí i lẹ́yìn. Oògùn tí ẹ fẹ́ gbà á kọjá, ẹ bi dókítà bóyá ó ṣe é lọ̀, torí àwọn kan kò ṣe é lọ̀. Oúnjẹ tí ẹ pò, bí wọ́n bá mú iná lọ tí fíríìjì kú, ẹ dà á nù. Ó dun ni, a mọ̀, pẹ̀lú bí ọjà ṣe gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ara tí kímò ti sọ di aláìlágbára kò ní ọwọ́ tó lè fi bá kòkòrò àìsàn jà.

Bí ó bá sì ti pẹ́ tí aláìsàn ti jẹun gbẹ̀yìn, ẹ má ṣe kún ikùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oúnjẹ púpọ̀ lójijì lè da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rú, kó sì kan ọkàn. Díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà.

Àgbo ńkọ́? A mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da àgbo sí rọ́bà ní kọ̀rọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá yíjú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á dí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè bá kímò jà nínú ara.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò: rọ́bà oúnjẹ fún aláìsàn jẹjẹrẹ la ń sọ. Ṣíbí gígùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọkùnrin kan tó fi rọ́bà jẹun fún ọdún púpọ̀. Roger Ebert lorúkọ rẹ̀, ará Chicago. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo sinimá, kó sì máa kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Jẹjẹrẹ mú un lọ́rùn àti ní ibi tí itọ́ ti ń sun. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní 2006, kò lè jẹun, kò lè mu omi, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Rọ́bà inú ikùn ló ń bọ́ ọ títí ó fi kú ní oṣù kẹrin 2013. Kí ló ṣe láàárín ìgbà yẹn? Ó ń wo sinimá, ó ń kọ̀wé. Ní 2012 nìkan, fíìmù 306 ló kọ̀wé lé lórí. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún ṣe ohun kan tó pa ni lẹ́rìn-ín: ọkùnrin tí oúnjẹ kò kan ahọ́n rẹ̀ mọ́ kọ odindi ìwé nípa bí a ṣe ń fi ìkòkò iná mànàmáná se ìrẹsì.

Ó sì sọ ohun kan tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ó ní oúnjẹ kọ́ ni àárò rẹ̀ ń sọ òun jù. Àárò ìjókòó nídìí oúnjẹ ni: ẹ̀rín, àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Ẹ wo ilé yín wò. Bí ẹni kan bá ń fi rọ́bà jẹun, ṣé ẹ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní yàrá, kí ẹ̀yin má baà jẹun lójú rẹ̀? Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ jókòó tì yín. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ kan ṣẹ́kù tí kò dùn ún sọ. Ìgbà mìíràn ń bẹ tí dókítà yóò sọ pé rọ́bà kò lè ṣe nǹkankan mọ́, pé ara ti ń palẹ̀ mọ́, pé omi díẹ̀ sí ètè àti ọwọ́ dídìmú ló kù. Ìyẹn náà ìtọ́jú ni. Ẹ má pè é ní ìwà ìkà. Ẹni tó ṣì ń gba kímò, tó ṣì ń gba ìtànṣán ní tirẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, bí ọ̀fun bá ti jinná, nọ́ọ̀sì á fa rọ́bà yọ lọ́jọ́ kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń gbé oúnjẹ mì, láti orí ẹ̀kọ mímu.

Bàbá wa ti Ògùdù tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ ó tún lọ kí i lọ́la. Ẹ fi àpò ọsàn sílẹ̀, kò lè mu ún. Ẹ mú mílíìkì lọ́wọ́, tàbí kóńgò sóyà kan, tàbí owó síríǹjì ńlá tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Bí ẹ bá bá wọn nídìí oúnjẹ, ẹ má sáré jáde. Ẹ fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sọ fún un bí ọ̀nà ṣe rí lónìí, ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó ń bá lándílọ́ọ̀dù jà. Rọ́bà imú kò ní kó má gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ohùn bá ṣì wà lọ́fun rẹ̀, ó lè dá yín lóhùn pẹ̀lú.